Ibi Ìfọbọ́ Ni Mo Ti Ń Yan Tíréè

Àwọn tó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ní Ìbàdàn máa ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á béèrè ibi tí mo ti ń ra èlùbọ́ tó mọ́, wọ́n á béèrè bóyá gáàsì ló sàn jù tàbí igi, wọ́n á béèrè iye tí wọ́n ń ta ògúnfe ní Bódìjà. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ tíréè. Nígbà tó bá ku ọ̀la kí wọ́n ṣílé ni wọ́n máa ń sáré lọ sí Dùgbẹ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá sì wọ̀ wọ́n lójú ni wọ́n á kó bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ohun èlò inú kántíìnì, kò sí èyí tí ọwọ́ èèyàn ń kàn tó tíréè lójúmọ́. Ẹni tó ń bu oúnjẹ fọwọ́ kàn án, ẹni tó gbé e lọ fọwọ́ kàn án, oníbàárà fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń fọ abọ́ náà fọwọ́ kàn án, òmíràn á sì tún ti gbé e kí ọwọ́ aago tó yí.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó máa fọ tíréè, ohun tó máa fi fọ̀ ọ́ àti ibi tó máa gbé e sí kó gbẹ, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ẹ tó yọ owó. Ẹwà rẹ̀ àti iye rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ èyí. Ó sì túbọ̀ yé mi nígbà tí èmi náà ṣí kántíìnì fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lápá Agodi, tí mo tún wá ń se oúnjẹ ọ̀sán fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí tíréè ń gbé nílùú tiwa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tíréè lókè òkun, búrẹ́dì àti ife kọfí ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní Ìbàdàn, àwo àmàlà ni, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀, ewédú àti gbẹ̀gìrì ti pàdé lórí rẹ̀, ọbẹ̀ ata sì tún lé e. Abọ́ ẹran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abọ́ omi ìfọwọ́ wà níbẹ̀, píọ̀ wọ́tà wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló máa gbé gbogbo rẹ̀ gba àárín àga kọjá lásìkò tí èrò pọ̀ jù. Omi ìfọwọ́ yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ta sílẹ̀ lórí tíréè tí ojú rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́, abọ́ ọbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ẹni tó gbé e á sì tẹ̀. Nítorí náà, mi ò ra tíréè tí kò ní etí. Etí tó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì dá omi dúró, kò sì ga débi tí yóò máa kọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń jẹun. Mo sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí hàràhàrà díẹ̀, kí abọ́ lè dúró.

Díẹ̀ náà ni mo sọ o. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ni ẹ ti máa mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì. Bó bá gbẹ mọ́ nǹkan, ó di lẹ̀ẹ́, àfi kí ẹ rẹ ẹ́ sómi. Epo pupa máa ń wọ ara ike, ata á sì fi àwọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀. Tíréè tí wọ́n gbẹ́ òdòdó tàbí ìlà jíjìn sí lójú, inú àwọn ìlà yẹn ni gbẹ̀gìrì máa ń fara pa mọ́ sí. Ìyá Ìbejì tó ń fọ abọ́ lọ́dọ̀ wa ló kọ́kọ́ là mí lójú sí i. Mo mú tíréè kan wálé láti ọjà, ó lẹ́wà, wọ́n ya ewé sí i káàkiri. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná tọ ojú ewé náà.

“Mọ́mì, ẹ má ra èyí o. Ibi tí èékánná mi wọ̀ yìí, kànìnkànìn ò ní dé ibẹ̀.”

“Ṣé ẹ rò bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ jẹ́ kó dọ̀la, kí n fi gbẹ̀gìrì pa á, kí n fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó rí i.”

A ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rí i. Láti ìgbà náà, mi ò kó tíréè wọlé láìjẹ́ pé Ìyá Ìbejì ti fọ ẹyọ kan wò.

Ohun kejì tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ìfọbọ́ ni ọ̀rọ̀ irin ìfọ̀kòkò. Bí èrò bá pọ̀ lọ́sàn-án, tí abọ́ sì ga bí òkè, ohun tó bá tètè yọ ìdọ̀tí ni ọwọ́ máa lọ bá, ohun yẹn sì ni irin. Kò sí ìbáwí tó lè dá a dúró. Ó tó sí ìkòkò, ṣùgbọ́n lára ike àti melamine, ìyẹn ike líle tó ń dán bíi tánganran, jàǹbá ni. Dídán tó wà lójú melamine kì í jìn. Bí irin bá ti họ ọ́, ata á wọ ojú ọgbẹ́ náà, kò sì sí ọṣẹ tó máa yọ ọ́ mọ́. Ojú híhọ yẹn náà ni kòkòrò àìfojúrí ń sá sí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya ibi ìfọ̀kòkò sọ́tọ̀ kúrò níbi ìfọ̀tíréè pátápátá, odi kan wà láàárín wọn, irin ìfọ̀kòkò kì í sì kọjá odi náà. Kànìnkànìn rírọ̀ àti ọṣẹ olómi ló wà lọ́dọ̀ tíréè, pẹ̀lú báàfù mẹ́ta: ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún ṣíṣàn, ẹ̀kẹta fún omi tí a fi bílíìṣì díẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀.

Lẹ́yìn fífọ̀, gbígbẹ ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ kántíìnì ti ń bà á jẹ́. Àkísà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń nu tíréè láti àárọ̀ di alẹ́. Àkísà náà á tutù, á máa rùn, ohun tó wà lára tíréè àkọ́kọ́ á sì dé ara èyí tó kẹ́yìn. Àwọn mìíràn kì í nu ún rárá, wọ́n kàn máa ń tò ó léra tomi-tomi. Ẹ ṣí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn rẹ̀ á sọ fún yín. Èyí ló mú kí n máa wo ẹ̀yìn tíréè kí n tó wo ojú rẹ̀. Àwọn tó mọ tíréè ṣe dáadáa máa ń fi àwọn kókó kékeré tó yọ jáde sí abẹ́ rẹ̀ tàbí sí igun rẹ̀, tó bá di pé ẹ tò wọ́n léra, afẹ́fẹ́ á máa gba àárín wọn kọjá. Tíréè tó bá wọnú ara wọn pinpin láìsí àyè, omi á há sáàárín wọn. Mo tún ní kí káfíńtà kan ra pákó ní Bódìjà kó fi ṣe pẹpẹ onílà fún wa, níbi tí tíréè ń dúró lóòró títí yóò fi gbẹ. Lásìkò òjò, nígbà tí atẹ́gùn tutù tí oòrùn sì ṣọ̀wọ́n, pẹpẹ yẹn níye lórí ju tíréè olówó gọbọi lọ.

Àṣejù kọ́ ni gbogbo ìtọ́jú yìí. Nílùú tí kọ́lẹ́rà ti máa ń yọjú lásìkò òjò, ẹni tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́sàn-án kan ń ru ẹ̀mí wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà márùn-ún kan jáde ní ọdún 2001 lórí oúnjẹ tí kò ní pa èèyàn lára: ìmọ́tótó, yíya tútù sọ́tọ̀ kúrò lára sísè, sísè jinná, fífi oúnjẹ sí ìwọ̀n ooru tó yẹ, àti lílo omi àti èròjà oúnjẹ tó mọ́. Ó kéré tán, mẹ́ta nínú wọn ló kan ọ̀rọ̀ tíréè. Nípa ooru, ohun tí wọ́n sọ ni pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí a ó fi bù ú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí wọ́n bu oúnjẹ sínú tíréè sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Inú kúlà ni kó wà.

Ó wá kan ohun tí wọ́n fi ṣe é. Tíréè ike tó rọ̀ díẹ̀, tó sì fúyẹ́, polypropylene ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà 5 nínú àmì onígun mẹ́ta àti lẹ́tà PP. Kò wọ́n púpọ̀, kì í tètè fọ́ bó bá já bọ́, ó sì dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kìkì pé ẹ má ṣe gbé ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lé e, á yọ́. Ẹ má sì sá a sínú oòrùn láti òwúrọ̀ di alẹ́ pẹ̀lú èrò pé oòrùn ń pa kòkòrò. Bó bá pẹ́ nínú oòrùn, á gbẹ, á máa sán. Abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló yẹ ẹ́. Ẹ gbé abọ́ ọbẹ̀ lé e ní ọjà kí ẹ fọwọ́ di etí méjèèjì mú: bí àárín rẹ̀ bá tẹ̀ bọ ìsàlẹ̀, kò nípọn tó.

Melamine le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó wúwo lọ́wọ́ bíi tánganran, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn ún wò. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń gbé abọ́ lé, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Tó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ gan-an ni oúnjẹ máa wà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí a má gbé e sínú máíkírówéèfù. Wọ́n tún sọ pé oúnjẹ tó kan lẹ́nu gan-an, tí a bá mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 71 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè mú kí ohun tí wọ́n fi ṣe é máa jáde sínú oúnjẹ. Ọbẹ̀ ata tí a fi tòmátì sè máa ń kan lẹ́nu, gbígbóná la sì ń bù ú. Fún ìdí èyí, mi ò bu ọbẹ̀ gbígbóná sí melamine. Abọ́ mìíràn ni mo fi ń bu ọbẹ̀.

Tíréè tánganran ńlá tí àwọn tó ń kiri búrẹ́dì àti ẹ̀pà ń gbé lórí ṣì wúlò gan-an níwájú ilé oúnjẹ láti fi pàtẹ ẹran díndín. Ẹ kàn máa ṣọ́ ọ. Bí funfun ara rẹ̀ bá ti bó, irin abẹ́ rẹ̀ á dípẹtà, èérún tó bó sì lè wọnú oúnjẹ. Tíréè tí wọ́n fi òwú gíláàsì ṣe, fiberglass, lágbára ju gbogbo ike lọ, àmọ́ bí etí rẹ̀ bá là, gíláàsì wẹ́wẹ́ lè gún ọwọ́, kò tún sí àtúnṣe fún un. Ti pákó rẹwà fún àsè. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń mu omi.

Ti ilé ẹ̀kọ́ ló mú mi wọnú ọ̀rọ̀ sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà. Tíréè oníhò mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n fẹ́, níbi tí ìrẹsì á wà lọ́tọ̀, ẹ̀wà lọ́tọ̀, dòdò lọ́tọ̀, ẹyin lọ́tọ̀. Fún ọmọdé, ó bára mu: kì í fọ́, ẹ ó sì lè rí i lójú kan pé ọmọ gbogbo gba ohun kan náà. Àmọ́ ẹ má gbé e wá síwájú àgbàlagbà Ìbàdàn tó fẹ́ jẹ abúlà. Ẹnì kan sọ fún ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá nígbà kan pé oúnjẹ ẹ̀wọ̀n ni wọ́n gbé wá fún òun, kò sì fẹnu kàn án. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí gbẹ̀gìrì, ewédú àti ata pàdé lórí àmàlà ni abúlà fi ń jẹ́ abúlà, tíréè oníhò sì ń tú wọn ká. Àwo tó jin díẹ̀ lórí tíréè pẹrẹsẹ ló tọ́ sí i.

Sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń pè ní 304 ní àwọn irin mìíràn nínú, nǹkan bíi chromium 18 nínú 100 àti nickel 8, òun ni wọ́n máa ń kọ 18/8 sí lára. Èyí tí wọ́n ń pè ní 201 kò ní nickel tó bẹ́ẹ̀, manganese ni wọ́n fi dípò rẹ̀, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Iyọ̀ àti bílíìṣì máa ń tètè jẹ 201, ẹ ó rí ojú ìpẹtà tínńtín-tínńtín lára rẹ̀. Àwọn òǹtajà kan máa ń mú irin òòfà jáde, wọ́n á ní bí òòfà kò bá fà á, 304 ni. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tó yín. Òòfà kì í sábà fa 201 náà. Ohun tí òòfà lè fi hàn yín ni oríṣi tí wọ́n ń pè ní 430, tí òòfà ń fà, tí kò sì ní nickel tó nǹkan. Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì ra lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á padà. Ẹ má sì rẹ 304 pàápàá sínú omi bílíìṣì mọ́jú. Kó wọlé, kó jáde, kí ẹ ṣàn án.

Ohun tí mo máa ń mú dání lọ ra sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ni òwú. Mo máa ń fi òwú fa gbogbo etí tíréè yípo. Bí òwú bá kọ́ níbì kan, ibẹ̀ mú, ọwọ́ ọmọ ló sì máa kàn án. Etí tí wọ́n ká wọnú dáadáa, òwú á kọjá lọ láìdúró. Ẹ tún rántí pé irin ń gba ooru kíákíá, ẹni tó bá bu ìrẹsì gbígbóná sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ kó tó fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ wọn tábìlì yín kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ìwọ̀n méjì tí ẹ máa rí jù nìyí: ńlá fẹ̀ ní ínṣì 14, ó gùn ní ínṣì 18, tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36 àti 46; kékeré fẹ̀ ní ínṣì 12, ó gùn ní ínṣì 16, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ààbọ̀ àti 41. Bí tábìlì yín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì fẹ̀ tó 75, ńlá mẹ́rin á gbà á, méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún. Tábìlì tóóró tí kò fẹ̀ ju 65 lọ, bíi ti ọ̀pọ̀ bùkà, kékeré ni kí ẹ rà, torí ńlá méjì tó dojú kọra á kọjá etí tábìlì. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 53 ní gígùn àti 32 ààbọ̀ ní fífẹ̀ tí ẹ máa rí lára páànù onígun mẹ́rin, ti ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ gbóná nìyẹn. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti oníbàárà.

Iye tí ẹ máa rà náà, ibi ìfọbọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Bí tíréè kan bá wà níwájú oníbàárà, òmíràn wà nínú báàfù, òmíràn ṣì ń gbẹ. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ iye àga ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn: àga 40, tíréè 100. Bí ibi gbígbẹ yín kò bá rí atẹ́gùn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Èyí tó kéré sí i ló ń mú kí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé tíréè tútù jáde.

Mi ò ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Dùgbẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ títí: “Màmá, orijínà ni o, ẹ má dán an wò mọ́!” Èsì mi kì í yí padà: “Ó dáa, ọmọ mi. Ta ẹyọ kan fún mi kí n lọ fi ṣiṣẹ́. Bó bá yè é, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti máa kó ìyókù.” Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ kì í bínú sí i. Nílé, Ìyá Ìbejì á máa fi ọbẹ̀ pa á, á sì máa fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó gbé àwo tó kún lé e, a ó da omi gbígbóná sí i lójú, a ó gbóòórùn rẹ̀. Ike tó bá ń rùn lẹ́yìn omi gbígbóná kò wọlé mi.

Àwọ̀ ni mo fi ń ya iṣẹ́ sọ́tọ̀. Tíréè pupa fún ẹran àti ẹja tútù, kò gbọdọ̀ dé iwájú oníbàárà láéláé. Búráùn ni ti oníbàárà. Ọmọ iṣẹ́ tuntun tí kò tíì mọ nǹkan kan á mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo ń fi ọ̀dà kọ oṣù àti ọdún tí a rà á sí ẹ̀yìn tíréè kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tó ń pẹ́ àti èyí tí kì í pẹ́ nígbà tí mo bá fẹ́ ra òmíràn. Ìyá Ìbejì ló sì ní àṣẹ láti yọ tíréè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ti rí èyí tó sán, tó họ, tàbí tí etí rẹ̀ là, kì í béèrè lọ́wọ́ mi mọ́. Á fi ọ̀bẹ kọ igi méjì kọjá ara wọn sójú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa tún gbé oúnjẹ lé e, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń ka iye tó kọ, mo sì máa ń ra òmíràn rọ́pò wọn kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀.